Kọ̀ǹpútà Lè Mọ Fóònù Yín, Àmọ́ Ẹ̀yin Lẹ Ni Ilẹ̀kùn



Lọ́jọ́ kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Ìgólò. Ìyá àgbà kan wọlé, wọ́n fẹ́ tẹ fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọọmọ wọn jáde. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ki wáyà bọ fóònù ìyá. Kí a tó ṣẹ́jú, orúkọ fóònù náà ti yọ lójú kọ̀ǹpútà. Lójú fóònù fúnra rẹ̀, ìbéèrè kan yọ ní èdè Faransé. Ìyá ní, "Ọmọ mi, kí ló ń wí?" Ọmọkùnrin ní, "Ẹ má dààmú, Màmá." Ó gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn.

Mi ò sọ pé ó jí nǹkan kan. Ohun tó dùn mí ni pé ìyá ni fóònù bi ní ìbéèrè, ẹlòmíràn ló dáhùn.

Pé kọ̀ǹpútà mọ fóònù kì í ṣe idán. Ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù ti kọ nọ́ńbà méjì sínú rẹ̀: ọ̀kan ń sọ ilé iṣẹ́ náà, èkejì ń sọ irú ohun tó jẹ́. Ti Samsung ni 04E8, ti Apple ni 05AC. Bí wáyà bá ti wọlé, kọ̀ǹpútà á béèrè, fóònù á dáhùn. Ìyẹn ò burú. Ó dà bí ẹni tó dúró lójúde tó ń béèrè pé, "Ilé ta nìyí?" Ẹni tó mọ ilé kò tíì wọlé.

Ìbéèrè ojú fóònù yẹn ni ti wíwọlé. Láti ọdún 2013 ni iPhone ti ń béèrè bóyá a fọkàn tán kọ̀ǹpútà tí a so ó mọ́. Láti Android 6 ti ọdún 2015, iná nìkan ni fóònù máa ń gbà, àfi tí a bá yàn pé kí kọ̀ǹpútà rí fáìlì. Bí a bá ti gbà, fọ́tò àwọn ọmọ wa, fọ́tò káàdì ìdánimọ̀, ìwé ilẹ̀ tí a yà pa mọ́, gbogbo rẹ̀ ti wà níta. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ á ní àwọn ò lè kó fọ́tò bí a ò bá gbà. Òótọ́ ni. Èmi ò ní ká má gbà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n ka ìbéèrè náà fún àgbà ní Yorùbá, kí onífóònù fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ó dúró tì í, kí wọ́n sì yọ wáyà ní gbàrà tí iṣẹ́ bá parí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tan "USB debugging", ẹ bi í ní ìdí, torí ìyẹn ń fún kọ̀ǹpútà lágbára láti fi ètò tuntun sínú fóònù. Fóònù tí MoMo wà nínú rẹ̀, àpò owó ni.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn wa. Bẹ̀nẹ̀ ní òfin ayélujára ti ọdún 2018, Nàìjíríà sì ṣe tirẹ̀ ní 2023. Méjèèjì ló ka ìyọ̀ǹda ẹni sí lórí ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀. Àmọ́ kí ni ìyọ̀ǹda ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n bi í?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ gbọ́ Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì, lálẹ́ òní, ẹ jókòó ti ìyá yín. Ẹ ki wáyà bọ fóònù wọn, kí ẹ sì ka ohun tó bá yọ fún wọn. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.