Eval Kì í Ṣe Ẹ̀rọ Ìṣirò

Gbólóhùn ìṣirò tí ènìyàn tẹ̀ sínú áàpù, bíi 40*1200+5000, ọ̀rọ̀ lásán ni lójú kọ̀ǹpútà. Kí ètò tó lè mọ iye tó jẹ́, ó ní láti gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó ya nọ́ńbà sọ́tọ̀ kúrò lára àmì, kí ó sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe.

Ká ní ti oníṣòwò obì kan ní Ṣágámù ni: apẹ̀rẹ̀ 40, owó ẹrù ₦1,200 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ₦5,000 owó ìsọ̀. ₦53,000 ni ìdáhùn. Ètò tí kò mọ̀ pé ìsọdipúpọ̀ ló ń ṣáájú ìròpọ̀ lè gbé ₦248,000 jáde, ìjà sì dé nìyẹn. Láti 1961 ni Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ti ṣe àlàyé ọ̀nà tí a lè gbà to irú àmì bẹ́ẹ̀. Láíbúrẹ́rì tó ń ṣe iṣẹ́ náà wà lọ́fẹ̀ẹ́: math.js wà fún JavaScript, exp4j sì wà fún Java. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn tí oníṣòwò yìí bá gbé iṣẹ́ fún kò nílò láti bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni eval, àṣẹ tó ń mú kí ọ̀rọ̀ tí a fún un ṣiṣẹ́ bíi kóòdù. Python ní in, JavaScript àti PHP náà ní in. Ìlà kan péré, ìdáhùn á ti jáde. Ṣùgbọ́n eval kì í dá ìṣirò mọ̀ yàtọ̀ sí àṣẹ mìíràn. Ẹni tó bá kọ __import__('os').system síbi tó yẹ kó kọ iye apẹ̀rẹ̀ lè ka fáìlì àwọn oníbàárà, ó sì lè pa wọ́n rẹ́ pátápátá. Fífi eval gba ọ̀rọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ kò yàtọ̀ sí fífi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lé àlejò lọ́wọ́. Àwọn kan a máa fún eval ní __builtins__ (àkójọ àwọn iṣẹ́ tó bá Python wá) tó ṣófo, wọ́n á ní ewu ti tán. Kò tán rárá: láti ara nọ́ńbà kan ṣoṣo, ẹni tó mọ Python dunjú lè tọpa kíláàsì rẹ̀ padà dé ibi tí wọ́n rò pé àwọn ti tì pa. Bí dátà àwọn oníbàárà bá sì jò lọ́nà tó lè ṣe wọ́n ní ìpalára, wákàtí 72 ni òfin Nàìjíríà ti 2023 lórí ààbò dátà fún ẹni tó ni áàpù láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí.

Láíbúrẹ́rì pàápàá gba àyẹ̀wò. Ní 2023, àṣírí tú pé LangChain, láíbúrẹ́rì fún áàpù AI, ń ṣe ìṣirò nípa gbígba kóòdù Python tí ẹ̀rọ AI kọ, tó sì ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n yí i sí láíbúrẹ́rì ìṣirò numexpr. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n rí i pé numexpr fúnra rẹ̀ ń lo eval lábẹ́lẹ̀, ó sì di dandan kí wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí i. Ti SymPy, láíbúrẹ́rì ìṣirò Python mìíràn, tiẹ̀ hàn gbangba, nítorí ìwé ìlò rẹ̀ kìlọ̀ pé eval ni sympify, àṣẹ rẹ̀ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ìṣirò, ń lò. Kí ẹni tó ń yan láíbúrẹ́rì wá eval nínú kóòdù rẹ̀ kó tó gbà á, kí ó sì máa lo ẹ̀dà tó dé kẹ́yìn.

Ó tún yẹ kí òdiwọ̀n wà fún gígùn gbólóhùn àti fún agbára nọ́ńbà. 9**9**9 kò ju àmì méje lọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ní dígíìtì tó lé ní mílíọ̀nù 369. Sáfà kékeré yóò kú sídìí rẹ̀. Ní ti owó, 0.1+0.2 nínú Python lásán ń mú 0.30000000000000004 wá, nítorí náà Decimal ni kí wọ́n lò, tàbí kí wọ́n fi kọ́bọ̀ ṣe gbogbo ìṣirò.