Ojú Nìkan Ò Tó Lójú Ọ̀run

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn. Òótọ́ ni, fún ẹyẹ. Ti àwa tí a ń fi gíláídà, baàlú aláìlẹ́ńjìnnì, gbafẹ́ ní Bedfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń ru sókè ló ń gbé wa. Ibi tó bá wà ni gbogbo wa ń rọ́ lọ, a ó wá máa yí po lójú kan bí èrò tó ṣù bo ọlọ́jà tó ń ta ọ̀pọ̀.

Wọ́n kọ́ wa pé ká lajú sílẹ̀, ká rí ẹlòmíì, ká sì yà fún un. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ baàlú ń dí èèyàn lójú. Èyí tó sì burú jù ni pé baàlú tó máa kọlu ẹni kì í sún sọ́tùn-ún tàbí sósì nínú gíláàsì. Ojú kan náà ló máa wà, bíńtín, títí yóò fi dé tán. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 2017, Cessna kékeré kan àti hẹlikọ́pítà kan forí gbárí nítòsí Waddesdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pápá kan náà ni àwọn méjèèjì ti gbéra, ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ń kọ́. Èèyàn 4 ló kú.

Àmọ́ ẹ̀rọ ìkìlọ̀ kan wà tó ń ran ojú lọ́wọ́: látọdún 2004 ni èyí tó ń jẹ́ FLARM ti jáde láti Switzerland. GPS ló fi ń mọ ibi tí a wà, á ṣírò ibi tí a ń lọ, á sì fi rédíò sọ ọ́ fún àwọn FLARM tó wà nítòsí. Bí ọ̀nà àwa àti ẹlòmíì bá fẹ́ pàdé, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 18 ṣáájú, á figbe ta, iná pupa á tàn ní apá ibi tí ewu wà. Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀rọ ló ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Mi ò gbà. Tèmi kì í ní kí n wo òun; ibi tó yẹ kí n wò níta ló ń tọ́ka sí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé oríṣiríṣi irú ẹ̀rọ yìí ló wà, púpọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́ra wọn yé. FLARM ti ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́lé, àfi ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ. ADS-B ní ìlànà tirẹ̀, PilotAware náà ní tirẹ̀. Lọ́dún 2020, àjọ CAA, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ baàlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìdajì owó padà fún ẹni tó bá ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kò ṣáà gbọdọ̀ ju £250 lọ. Wọ́n ṣeun, àmọ́ wọn ò ní ká máa fọ ohùn kan. Ẹni méjì lè náwó tán kí wọ́n má sì mọ̀ pé àwọn jọ wà lókè.

Kí CAA mú ìlànà kan tí kì í ṣe ti oníṣòwò kankan, irú ADS-L tí àjọ EASA ti ilẹ̀ Yúróòpù ti gbé jáde, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí baàlú kékeré kankan ò ní gbéra láìní in.

Ẹ̀yin òbí tó ń rán ọmọ lọ kọ́ ìwakọ̀ baàlú lọ́hùn-ún, bí ẹ bá ti béèrè iye owó, ẹ béèrè irú ẹ̀rọ ìkìlọ̀ tó wà nínú baàlú wọn, àti irú baàlú tó lè dá mọ̀. Bí wọ́n bá ní ojú olùkọ́ ti tó, ẹ kówó yín lọ síbòmíì.