Kọ̀ǹpútà Wà ní Yàrá, Ọwọ́ Wà ní Pálọ̀

Ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí kan àwọn tí ń gba ohùn sílẹ̀ nínú ilé ara wọn. Ìyá àgbà kan lè máa pa àlọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Olùkọ́ kan lè máa ka ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan àti gbohùngbohùn kan tó fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ohun tí wọ́n gbà, nǹkan kan á máa hùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn bí oyin.

Kí ni nǹkan náà? Fáànù kékeré tí ń tu inú kọ̀ǹpútà lára ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni fáànù ń sáré sí i. Ariwo rẹ̀ ti mọ́ wa létí, a kì í fiyè sí i mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí gbohùngbohùn bá gbọ́ ni í gbà.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà sí yàrá kejì, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Kí ẹ má baà máa sáré lọ sáré bọ̀, ẹ lo ètò tí a ń pè ní VNC, èyí tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àwọn ọdún 1990. Yóò gbé ojú kọ̀ǹpútà wá sórí fóònù yín, ibi tí ẹ bá sì tẹ̀ lórí fóònù ni kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti fóònù wà lórí Wi-Fi kan náà nínú ilé. Kò ní jẹ dátà yín, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò jáde síta. Ẹ ṣètò kọ̀ǹpútà kí ó má ṣe sùn. Wáyà gbohùngbohùn oní-USB kò yẹ kí ó gùn ju mítà 5 lọ. Wáyà XLR, oníhò mẹ́ta, lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú kan dánwò. Bí Wi-Fi bá já lójijì, ẹ má fòyà: inú kọ̀ǹpútà ni ohùn ń wọ̀, kì í ṣe inú fóònù, iṣẹ́ yóò sì máa lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Àwọn àgbà wí pé ògiri létí. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ aṣínà ètò yìí lè jókòó sí yàrá mìíràn, kí ó ṣí gbohùngbohùn, kí ó sì gba ohun tí àlejò yín ń bá yín sọ sílẹ̀. Ọkọ kì í ṣe é sí aya, aya kì í ṣe é sí ọkọ, ọmọ kò sì gbọdọ̀ ṣe é sí òbí. A kì í gba ohùn ènìyàn láìjẹ́ kí ó mọ̀.

Nítorí náà, ẹ yan ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀. Ẹ má ṣe ṣí ètò náà sílẹ̀ fún ará ìta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ pa á, kí ẹ sì yọ wáyà gbohùngbohùn. Bí àjèjì kan bá sì pè yín, tí ó ní òun ti báńkì wá, tí ó ní kí ẹ fi irú ètò báyìí sórí fóònù yín, ẹ má ṣe dá a lóhùn: olè ni. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.