Òrùka Dáyámọ́ńdì Radiant: Ẹ Wo Òkúta, Ẹ Má Gbàgbé Ìka

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè má jọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì létí yín, àmọ́ ẹ fara balẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ti kàn wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, Màmá kan ní àdúgbò wa ní Akóbọ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àbíkẹ́yìn wọn ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó, ó sì fẹ́ fi owó àjọ tó dá fún ọdún méjì ra òrùka dáyámọ́ńdì kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa bá a mú bọ̀ láti London. Ó ti fi àwòrán òrùka náà sórí fóònù ìyá rẹ̀. Màmá na fóònù náà sí mi, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ìwọ lo mọ̀wé, wò ó fún mi. Wọ́n ní radiant lorúkọ ẹ̀. Ṣé ó tó ohun tí ọmọ mi ń torí ẹ̀ ná owó àjọ tán?"

Mo gba fóònù, àmọ́ ìka Màmá ni ojú mi wà. Òrùka ìgbéyàwó wọn ti wọnú ẹran, ìka náà wú níwájú, ó wú lẹ́yìn, ó sì ti pọ́n. Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó. A máa sọ ti ọmọ yín, lẹ́yìn náà a máa sọ ti yín." Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn náà ni màá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Kí ni radiant?

Dáyámọ́ńdì kì í dán bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wà á nílẹ̀. Ẹ lè rí i kí ẹ rò pé òkúta wẹ́wẹ́ ni. Àwọn tó ń gé e ló ń sọ ọ́ di ohun tó ń tàn. Nítòsí wa níbí, ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone, láti ọdún 1930 ni wọ́n ti ń rí dáyámọ́ńdì. Ní ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 1972, wọ́n rí ńlá kan níbẹ̀ tó wọn káráàtì 968.9. Káráàtì márùn-ún ló ń jẹ́ gíráàmù kan, nítorí náà òkúta ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 194. Nígbà tí wọ́n gé e tán, òkúta 17 ló bọ́ sínú rẹ̀.

Radiant, nígbà náà, kì í ṣe irú dáyámọ́ńdì kan lọ́tọ̀. Orúkọ ọ̀nà tí wọ́n fi gé e ni. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Grossbard ló gbé e jáde ní New York lọ́dún 1977. Kó tó dìgbà náà, dáyámọ́ńdì róbótó ló máa ń kọ mànà bí iná, ti onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní emerald sì máa ń dán jẹ́ẹ́jẹ́ bíi dígí. Grossbard pa méjèèjì pọ̀: ó fi í sílẹ̀ ní onígun mẹ́rin, ó gé ṣóńṣó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, ó sì gé ojú wẹ́wẹ́ 70 sí i lára kó lè máa tàn bíi róbótó.

Àǹfààní rẹ̀

Èkíní, igun tí wọ́n gé kúrò yẹn wúlò púpọ̀. Lóòótọ́ ni pé kò sí òkúta ilẹ̀ tó le tó dáyámọ́ńdì, àmọ́ ohun tó le náà máa ń fọ́. Bí òkúta tí igun rẹ̀ ṣóńṣó bá gbá etí síǹkì tàbí ilẹ̀kùn ọkọ̀, igun náà lè kán. Ti radiant kì í tètè kán, kì í sì í sábà ha aṣọ tàbí awọ ọmọ ọwọ́ bí onígun ṣóńṣó ti máa ń ṣe. Ìyá tó bá ń tọ́ ọmọ yóò mọ iyì èyí.

Èkejì, títàn rẹ̀ máa ń bo àbùkù kéékèèké tó bá wà nínú òkúta, nítorí náà èèyàn ò ní láti san owó gọbọi torí pé ó fẹ́ èyí tó mọ́ kedere.

Ẹ̀kẹta, ó sábà máa ń rọjú ju róbótó tó bá a dọ́gba ní káráàtì, nítorí pé àwọn tó ń gé e kì í fi òkúta ṣòfò púpọ̀.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó bá gùn díẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìka gùn lójú.

Àlébù rẹ̀

Èkíní, ó máa ń gbé àwọ̀ jáde. Bí òkúta bá pọ́n díẹ̀ bí omi tíì, radiant á fi í hàn ju róbótó lọ. Ẹni tó fẹ́ kó funfun báláú gbọ́dọ̀ wo ipò àwọ̀ rẹ̀ nínú ìwé: láti D, tó funfun jù lọ, ni wọ́n ti ń kà á lọ sí Z.

Èkejì, àwọn tó gùn nínú wọn lè ní òjìji dúdú kan láàárín, tó rí bíi táì olókùn kúkúrú. Àwòrán orí fóònù lè má fi í hàn. Àfi kí èèyàn yí òkúta náà síwá sẹ́yìn lójú ọ̀sán.

Ẹ̀kẹta, àwọn kan jìn nísàlẹ̀ jù. Káráàtì tí ẹ sanwó rẹ̀ á wà lábẹ́, níbi tí ojú ò tó, òkúta á sì kéré lójú. Ẹ bi wọ́n ní gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, kì í ṣe káráàtì nìkan.

Ẹ̀kẹrin, nínú ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rí, bíi ti ilé ẹ̀kọ́ GIA ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń fún róbótó ní máàkì lórí bí gígé rẹ̀ ṣe dára sí. Radiant kì í sábà ní irú máàkì bẹ́ẹ̀. Ojú ẹni tó ń rà á ló máa ṣe ìdájọ́, ojú lalákàn sì fi ń ṣọ́rí.

Kí ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n wà á nílẹ̀ ni tàbí ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, dáyámọ́ńdì gidi ni, ó sì rọjú gan-an, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́la, owó rẹ̀ kì í tó nǹkan. Moissanite kì í ṣe dáyámọ́ńdì rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kékeré táwọn kan fi ń yẹ òkúta wò lè pè é ní dáyámọ́ńdì. Ẹ béèrè ìwé.

Ọwọ́ tí yóò wọ̀ ọ́

Mo bi Màmá pé, "Iṣẹ́ wo ni ìyàwó náà ń ṣe?" Wọ́n ní búrẹ́dì àti kéèkì ló ń ṣe. Mo ní á jẹ́ pé kí ọmọ yín ra èyí tí òkúta rẹ̀ ò ga sókè, tí eyín kéékèèké tó di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú sì nípọn. Bí ìyàwó bá fẹ́ po ìyẹ̀fun, gún iyán, tàbí fọ aṣọ, kó bọ́ ọ sílẹ̀. Òkúta tó bá yọ bọ́ sínú oúnjẹ lè ṣá eyín èèyàn, ọmọdé sì lè gbé e mì.

Ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ dáyámọ́ńdì, òun ló ń jẹ́ kó ṣú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ti tó láti fi fọ̀ ọ́, nínú abọ́, kì í ṣe lójú ihò síǹkì. Ẹ má fi Jik tàbí Hypo kàn án, nítorí wọ́n ń ba wúrà jẹ́. Bí abẹ́ òrùka bá ń yún yín tó sì ń sú, ó lè jẹ́ omi ọṣẹ tó há síbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì, irin kan tí wọ́n máa ń pò mọ́ wúrà funfun, tí ara àwọn mìíràn ò gbà.

Òrùka tó bá kọ́ nǹkan léwu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Jimmy Fallon, gbajúmọ̀ atọ́kùn tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà, ṣubú nínú ilé rẹ̀, òrùka rẹ̀ kọ́ tábìlì, díẹ̀ ló kù kí ìka náà já. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ̀yin tó ń fò sọ̀ kalẹ̀ látinú mọ́tò, ẹ gbọ́ o.

Ìka Màmá

Lẹ́yìn èyí ni mo di ọwọ́ Màmá mú. Wọ́n ní ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí òrùka náà ò ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Àwọn ọmọ ní kí wọ́n lọ gé e, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Baba wọn ló fi sí mi lọ́wọ́. Ó ti lọ. Kí n wá gé e?"

Mo wò ó: ìka náà ṣì gbóná, wọ́n sì ń mọ̀ ọ́n lára bí mo ṣe fọwọ́ kàn án. A ṣì lè gbìyànjú nílé. Ohun tí a ṣe nìyí. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè ju orí lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a tì í bọ omi tútù, mo fi ọṣẹ pa á. Mo ti etí òwú kan gba abẹ́ òrùka sí ìhà àtẹ́lẹwọ́. Mo wé ìyókù mọ́ ìka tímọ́tímọ́, láti ẹnu òrùka títí kọjá oríkèé. Mo wá ń fa etí tó wà ní ìhà àtẹ́lẹwọ́, òwú ń tú, òrùka ń gun orí òwú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bọ́. Màmá sunkún, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ bí ìka bá ti dúdú, tó kú tipiri, tàbí tó lọ́gbẹ́, ẹ má wé òwú kankan. Ẹ lọ sílé ìwòsàn kíá, kí wọ́n gé òrùka náà. Alágbẹ̀dẹ wúrà lè jó òrùka pọ̀ padà, kò sẹ́ni tó lè jó ìka.

Ẹ̀yin aláboyún, ẹ bọ́ òrùka yín kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí ọwọ́ àti ojú bá sì wú lójijì, tí orí ń fọ́ yín tàbí tí ojú yín ń ṣe bàìbàì, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin àgbà, bí òrùka tó ń bọ́ tẹ́lẹ̀ bá há, tí ẹsẹ̀ náà sì wú, ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn àti kíndìnrín yín wò.

Ọmọ Màmá ra radiant tó kéré ju ti àkọ́kọ́, owó sì ṣẹ́ kù nínú àjọ. Òrùka Màmá wà lọ́rùn wọn báyìí nínú ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ló sún mọ́ àyà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ gbìyànjú kí ẹ bọ́ òrùka yín wò.