Ẹ Jẹ́ Ká Ronú Kó Tó Di Pé À Ń "Ruminate"

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè dun ẹlòmíì, àmọ́ kò sẹ́ni tí mo ń bá jà. Ọ̀rọ̀ náà ò ju báyìí lọ: gírámà ti fẹ́ pa ìtàn wa.

Ẹ wo àwọn ìtàn tí à ń kà fúnra wa lọ́jọ́ ìpàdé. Ìyá kan wà ní ọsibítù, ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná bí iná, kò sówó oògùn. Kí ni òǹkọ̀wé wa ní obìnrin yìí ń ṣe? Ó ní ó ń "cogitate". Háà! Ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó fúnra wọn sábà máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ lóde òní, òun la gbé ka ìyá ọlọ́mọ lórí. Ibi tó yẹ ká ti sunkún, ẹ̀rín ló ń pa wá.

Ẹ ṣí ojú ewé kejì. Ọmọkùnrin kan tí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ já sílẹ̀ ń "ruminate". Ṣé ẹ mọ ibi tọ́rọ̀ yẹn ti wá? Inú èdè Látìn ni, láti ara "rumen", àpò oúnjẹ tó tóbi jù nínú ikùn màlúù. Ohun tí màlúù àti ewúrẹ́ ń ṣe lábẹ́ igi nìyẹn, tí ẹnu wọn ń lọ tó ń bọ̀ láìsí koríko níwájú wọn. Àpọ̀jẹ ni Yorùbá ń pè é. Ẹni tó ń "ruminate", nǹkan tó ti gbé mì tẹ́lẹ̀ ló dá padà sẹ́nu, tó tún ń rún. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ọmọkùnrin yẹn ń ṣe láti àárọ̀ nìyẹn, kò burú, ọ̀rọ̀ náà bá a mu. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan péré ló fi rò ó kó tó gun ọ̀kadà lọ bá ọmọbìnrin náà nílé, àpọ̀jẹ wo ló jẹ?

Àwa rò pé aṣọ ni gbogbo wọn, téèyàn lè bọ́ kan kó wọ èkejì. Rárá o. "Ponder", ìwọ̀n ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn tó jẹ mọ́ wíwọn nǹkan ló bí i. "Brood", adìẹ tó ń sàba ni. Ọgbẹ́ ọkàn lẹni náà jókòó lé, tí kò fẹ́ dìde. "Mull over", fífẹ̀sọ̀ rò ó ni kéèyàn tó fèsì. "Reflect", ohun tó ti kọjá lèèyàn sábà ń bojú wẹ̀yìn wò. "Deliberate", ti àwọn tó jókòó pọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà, bí ìgbìmọ̀ tó ń fikùn lukùn. Ẹni tó sì ń "contemplate" àtikúrò nílé ìwé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lẹ́nu géètì.

Èdè tiwa náà ní irú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé àwọn olè ń ṣàṣàrò láti fọ́ báǹkì. Wọ́n ń gbèrò ni. Tí etí wa bá gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn ní Yorùbá, kí ló dé tó ń di tó bá kan Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ má di ẹ̀bi ru ìwé "thesaurus". Dókítà ìṣègùn ni Peter Mark Roget, tó gbé èyí tó lókìkí jù jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1852. Èrò ló fi to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kì í ṣe A dé Z. Ẹni tó ti ní èrò lọ́kàn, tó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa gbé e, ló ṣe é fún. Àwa dojú ẹ̀ dé: a tẹ Shift àti F7 lórí kọ̀ǹpútà, a mú èyí tó gùn jù, a wá ń retí kí èrò tẹ̀ lé e.

Mo mọ èsì yín. Ẹ máa ní lẹ́kítọ̀ ò fẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ kan lò lẹ́ẹ̀mejì, pé ó ń gé máàkì. Ó dáa, ẹ fún un ní tiẹ̀ nínú ìdánwò. Nínú ìwé wa yìí, ta ló ń gé máàkì? Àwa tá a gbọ́ oríkì láti kékeré mọ̀ pé àtúnwí gan-an ló ń mú orí ẹni wú.

Tẹ́ẹ bá sì rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ò lágbára, ẹ rántí Hubert Ògúndé. Lọ́dún 1964, ó gbé eré kan jáde, ó pè é ní Yorùbá Ronú. Ronú, ó tán. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà yẹn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ nítorí ẹ̀, ó di 1966 kí òfin náà tó ká kúrò. Ẹ sọ fún mi, ìjọba wo ló máa sá fún "cogitate"?

Àbá mi rèé. Kí kálukú mú ìtàn rẹ̀, kó fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìrònú, kó bi ara rẹ̀ pé: kí lẹni yìí ń rò gan-an? Kó kọ ìyẹn sílẹ̀: iye tí wọ́n pe oògùn, orúkọ ẹni tí ìyá náà ṣì lè yá lówó, aṣọ òkè tó lè tà kílẹ̀ tó ṣú. Tá a bá rí gbogbo ìyẹn, a ò nílò kẹ́nì kankan sọ fún wa pé ó ń ronú. Tí òǹkọ̀wé ò bá sì lè sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ni kò tíì ronú, kò sí gírámà tó máa bá a ronú.

Ẹni tó bá ní èsì, kó kọ ọ́ fún ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Mo ń retí ẹ̀.