Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọ̀rọ̀ Àwọn Ará Rélùwéè Parun

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni n óò fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Wọ́n ní ṣé oríkì ti tán nílẹ̀ ni, àbí ẹsẹ Ifá?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìdí ọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1829, wọ́n kó àwọn ẹ́ńjìnnì jọ sí Rainhill nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti díje. Ẹ̀bùn £500 wà fún èyí tó bá borí. Rocket, tí ilé iṣẹ́ Robert Stephenson ṣe, ló gbà á. Kì í ṣe òun ni ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́; ọgbọ́n inú rẹ̀ ló yàtọ̀. Páìpù bàbà 25 ló la inú àgbá omi rẹ̀ já. Ooru iná ń gba inú wọn kọjá, omi sì ń tètè hó. Ooru omi tó bá ti ṣiṣẹ́ tán a tú jáde láti ojú èéfín tagbáratagbára, a sì máa fẹ́ iná náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni iná rẹ̀ ń ràn tó.

Ọgbọ́n yìí kò kú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896. Ó wọ Ìbàdàn ní 1901. Ọmọ Rocket ni àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń sáré lórí rẹ̀. Irú àgbá bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi àgbà ń dáná sí nígbà èwe wọn, tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì bu èédú Enugu sí i. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹṣin ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì: ó jẹun, ó mumi, ó mí, ó bínú. Bí èyí kì í bá ṣe ewì, kí ni ewì?

Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ àyálò ló pọ̀ lẹ́nu wọn. Òótọ́ ni. Àyálò náà ni rélùwéè, síbẹ̀ a tún ṣẹ̀dá ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Yorùbá ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lálejò, ọ̀dọ̀ wọn ni kó lọ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọ́jú Rocket. Ó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn títí dòní. Ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń rìn láàrin Èkó àti Ìbàdàn láti 2021, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò. Kò sí ẹni tó ń bu èédú mọ́. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn sì ń bá wọn lọ. Oríkì ṣì ní ẹni tí ń kì í. Ta ló ń gba ti àwọn wọ̀nyí sílẹ̀?

Nítorí náà, ní ìsinmi tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù wa wá àgbà rélùwéè kan rí, kó jókòó tì í, kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ wa kó gbogbo rẹ̀ jọ sí yàrá ìkàwé ẹ̀ka wa.

Bàbá mi àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ ní tèmi.