Ẹni Tí Ń Ṣọ́ Ìlú, Ìlú Gbọ́dọ̀ Máa Ṣọ́ Ọ

Ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ tí ó kan olówó, tí ó kan tálákà, tí ó kan àgbẹ̀ tí ń gbé iṣu lọ sí ọjà, tí ó sì kan akẹ́kọ̀ọ́ tí ń padà bọ̀ láti ilé ìwé. Ọ̀ràn náà nìyí: bí ọlọ́pàá bá dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà, tí ó sì ń hùwà sí i bí ẹni pé ẹrú rẹ̀ ni, ǹjẹ́ ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ láti yọ fóònù rẹ̀ jáde kí ó sì ya àwòrán ohun tí ojú rẹ̀ rí? Àwọn kan nínú àwọn ọlọ́pàá ń sọ pé kò ní i. Wọ́n ń já fóònù gbà, wọ́n ń là á mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń ti ẹni tí ó ni ín mọ́lé. Àwa ń sọ ọ́ ní gbangba lónìí pé ó ní i, pé òfin ni ó fún un, àti pé ẹni tí ó bá fi agídí gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun gan-an ni arúfin.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ìwé òfin wò, nítorí ẹni tí ó bá mọ òfin kì í bẹ̀rù ariwo. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ní abala 39 pé olúkúlùkù ènìyàn ní òmìnira láti ní èrò tirẹ̀, láti gba ìròyìn, àti láti fi ìròyìn ránṣẹ́ láìsí ìdíwọ́. Abala 37 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, ìwé tí ó ń kọ, àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí tẹlifóònù. Abala 35 sọ pé a kò gbọdọ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi ní ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Pé ẹni tí a mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àti pé, bí kò bá ṣe ẹ̀sùn tí ikú ni ìjìyà rẹ̀, a gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ kò bá jìnnà ju kìlómítà 40 lọ.

Kò sí òfin kan ní ilẹ̀ wa tí ó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ya àwòrán ọlọ́pàá tí ń ṣiṣẹ́ ní gbangba. Òtítọ́ ni pé Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1962 dáàbò bo àwọn ibùdó kan, bí àgọ́ àwọn ológun, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yà ní àwòrán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìwó kì í ṣe àgọ́ ológun, bẹ́ẹ̀ ni ọjà Bódìjà kì í ṣe ilé ìkó-ohun-ìjà-sí. Ibi tí gbogbo ayé lè fi ojú rí, fóònù pẹ̀lú lè rí i.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Òfin ìṣèjọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 fi àyè gbà pé kí ọlọ́pàá fi ẹ̀rọ gba àwòrán àti ohùn afurasí sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí kí ni? Nítorí àwọn aṣòfin mọ̀ pé a ti fi ìyà àti lílù gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí òfin bá gbẹ́kẹ̀ lé kámẹ́rà nínú iyàrá àgọ́ ọlọ́pàá, èwo ni ti ìbẹ̀rù kámẹ́rà lójú títì?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò. Àwọn baba wa kọ́ ni ó dá irú ọlọ́pàá tí a ní lónìí sílẹ̀ láti ṣọ́ ilé àti oko wọn. Ní ọdún 1861 tí òyìnbó gba Èkó ni wọ́n kó àwọn ènìyàn díẹ̀ jọ láti máa ṣọ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1879 wọ́n sọ ọ́ di ẹgbẹ́ ológun, ní ọdún 1896 wọ́n dá Ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1930, wọ́n pa ti Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ọ̀kan. Ọgbọ́n òyìnbó amúnisìn ni pé kí ẹni tí ń di ìbọn mú má ṣe gbọ́ èdè ẹni tí ó ń tọ́ ìbọn sí. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni láti ṣọ́ owó orí, láti ṣọ́ ọjà òyìnbó, àti láti kó ẹ̀rù bá ará ìlú. Ìlú kò ní àṣẹ kankan láti bi í léèrè.

Èso rẹ̀ ni a rí ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1949, ní Enugu, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tí òyìnbó ń pàṣẹ fún yìnbọn lu àwọn tí ń wa èédú ní Iva Valley, tí ènìyàn 21 sì kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn kò gbógun ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní òun rí ewu. Ó di ọ̀rọ̀ ẹni sí ọ̀rọ̀ ẹni, nítorí kò sí àwòrán kan tí yóò fi hàn bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Òkú kì í jẹ́rìí. Ẹni tí ó ní ìbọn ni ó kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

A gba òmìnira ní ọdún 1960. Àsíá yí padà, ṣùgbọ́n ìwà kò yí padà. Òfin ọlọ́pàá tí òyìnbó ṣe ní ọdún 1943 ni a ń lò títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, kí a tó fi òfin tuntun rọ́pò rẹ̀. Fún nǹkan bí 60 ọdún tí a fi ń pe ara wa ní olómìnira, òfin tí a fi ń ṣọ́ ẹni tí a mú lẹ́rú ni a fi ń ṣọ́ ọmọ onílé.

Ní ọdún 1992 ni a dá ẹ̀ka ọlọ́pàá tí à ń pè ní SARS sílẹ̀ láti kojú àwọn adigunjalè. Iṣẹ́ rere ni wọ́n rán wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́, ọ̀dọ́ tí ó bá ní fóònù tí ó dára, tí ó gbé kọ̀ǹpútà, tàbí tí ó di irun rẹ̀ ní dídi kan, ti di ọ̀daràn lójú wọn. Wọ́n ń gba owó, wọ́n ń na ènìyàn, àwọn tí wọ́n sì mú tí a kò rí mọ́ kò kéré. Àwọn ẹbí kọ ìwé ẹ̀sùn títí ó fi sú wọn. Ìjọba ṣe ìlérí àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ohun tí ó yí padà. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 2020, fídíò kan jáde láti Ughelli ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ó tàn ká ilẹ̀ wa bí iná ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọ̀dọ́ sì jáde sí ìgboro. Ní ọjọ́ 4, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ní kí SARS dẹ́kun dídá ọkọ̀ dúró àti títú fóònù àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 11, ó tú ẹ̀ka náà ká. Ohun tí ìwé ẹ̀sùn kò lè ṣe ní ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán àti ìwọ́de ṣe é ní ọjọ́ 8.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù náà, àwọn ológun dé sí Lẹ́kí níbi tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí. Àwọn ológun kọ́kọ́ pe ìròyìn náà ní irọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà pé àwọn wà níbẹ̀. Kí ni ó mú wọn yí ohùn padà? Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ti ya àwòrán rẹ̀, gbogbo ayé sì ti rí i. Ní ọjọ́ 10, oṣù keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá a lẹ́jọ́ pé ìjọba Nàìjíríà tẹ ẹ̀tọ́ àwọn olùpẹ̀jọ́ mẹ́ta lójú lórí ọ̀ràn Lẹ́kí, ó sì ní kí ó san mílíọ̀nù náírà 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ má ṣe rò pé ọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́ Èkó nìkan ni èyí. Ta ni kò mọ bí ọkọ̀ iṣu àti ọkọ̀ gàrí ti ń rìn láti oko títí dé ọjà? Níbi tí a bá fi igi dí ọ̀nà, awakọ̀ a na ọwọ́ jáde, owó a bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ọ̀nà a sì ṣí. A kì í fún un ní ìwé ẹ̀rí, owó náà kì í sì í dé àpò ìjọba. Ta ni ó ń san án? Awakọ̀ ti kà á mọ́ owó ọkọ̀. Alájàpá kò jẹ́ kí ó kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó yọ apá kan nínú iye tí ó fi ra iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó sì fi apá kejì lé iye tí ó ń tà á fún ará ìgboro. Báyìí ni àgbẹ̀ ṣe ń san owó orí tí òfin kò bù fún un, tí ẹni tí ń ra oúnjẹ ní Ìbàdàn àti Èkó sì ń bá a san án. Olè tí ń jí nǹkan lóru ń bẹ̀rù fìtílà. Ẹni tí ń gba rìbá ní ọ̀sán gangan, kámẹ́rà ni fìtílà tirẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kámẹ́rà ń dí ọlọ́pàá lọ́wọ́ iṣẹ́. A dá wọn lóhùn pé wíwò yàtọ̀ sí dídènà. Ẹni tí ó dúró lókèèrè, tí kò sọ̀rọ̀, tí kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kò dí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Àwọn mìíràn yóò ní àwòrán lè pa irọ́, pé a lè gé iwájú rẹ̀ kí a fi ẹ̀yìn hàn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn àbọ̀ àwòrán ni odindi àwòrán. Kí ìjọba fún ọlọ́pàá ní kámẹ́rà tí yóò máa gbé sí àyà, kí a lè fi tirẹ̀ wé ti ará ìlú. Àwọn ẹlòmíràn yóò ní ọlọ́pàá pẹ̀lú ń jìyà: owó oṣù rẹ̀ kò tó, bárékè rẹ̀ ti wó tán. Èyí náà òtítọ́ ni, àwa kò sì dẹ́kun láti sọ pé kí a tọ́jú wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 kan náà, àwọn ènìyànkénìyàn pa ọlọ́pàá, wọ́n sì dáná sun àgọ́ wọn. Ìwà ìkà ni, a kò ní gbè sẹ́yìn rẹ̀ láé. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ṣùgbọ́n báwo ni ọba yóò ṣe mọ ìka tí ó ṣẹ̀ bí a bá fọ́ gbogbo ojú tí ó rí i? Ọlọ́pàá rere ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fẹ́ kámẹ́rà, nítorí òun ni yóò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké, òun ni yóò sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ń ba aṣọ rẹ̀ jẹ́.

Kí a má sì ṣe tan ara wa jẹ pé àwòrán nìkan tó. Ní Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹta ọdún 1991, ọkùnrin kan dúró ní ilé rẹ̀, ó ya fídíò bí àwọn ọlọ́pàá ti ń na Rodney King, ọmọ aláwọ̀ dúdú. Gbogbo ayé rí i. Síbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1992, ilé ẹjọ́ kò dá ọ̀kankan nínú àwọn ọlọ́pàá mẹ́rin náà lẹ́bi lórí lílù náà. Ìlú gbiná, ènìyàn tí ó ju 50 lọ sì kú. Ọdún 1993 ni a tó dá méjì nínú wọn lẹ́bi ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní Minneapolis ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ìkéde tí ọlọ́pàá kọ́kọ́ ṣe lórí ikú George Floyd dà bí ẹni pé àìsàn ni ó pa á. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan ni ó ya fídíò tí ó fi hàn pé ọlọ́pàá fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn fún ìṣẹ́jú tí ó ju mẹ́sàn-án lọ. Ní ọdún 2021, a dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi, a sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n tí ó ju ọdún 22 lọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àwòrán a máa ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n adájọ́ olódodo ni yóò gba ibẹ̀ wọlé.

Nítorí náà, a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ìjọba: kí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kọ ọ́ sí ìwé, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri àgọ́ gbogbo, pé yíyà àwòrán ọlọ́pàá ní gbangba kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí orúkọ àti nọ́ńbà ọlọ́pàá hàn ketekete lára aṣọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba fóònù ará ìlú, kí ó má sì ṣe tú u wò, láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́. Kí ọlọ́pàá tí ó bá fọ́ fóònù san owó rẹ̀ láti inú owó oṣù ara rẹ̀, kí a sì bá a ṣẹjọ́.

A sì ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ènìyàn wa. Bí ẹ bá rí ìwà ìrẹ́nijẹ, ẹ dúró lókèèrè, ẹ má ṣe bú ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe bá ẹni tí ó ní ìbọn jà. Ẹ ya ọ̀ràn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má ṣe gé e. Ẹ sọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ ibẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú fóònù tí ẹ fi yà á, nítorí Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gbà kí ilé ẹjọ́ wo irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí a fi ìwé jẹ́rìí sí ẹ̀rọ tí ó ti jáde. Ẹ má ṣe fi ojú ẹni tí a mú hàn bí ọ̀daràn, nítorí ilé ẹjọ́ kò tíì dá a lẹ́bi. Ẹ fún ẹni mìíràn ní ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá agbẹjọ́rò. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀ka gbogbo, ẹ wá agbẹjọ́rò kan tí yóò dúró ti ará àdúgbò yín, kí ọjọ́ tó dé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀pá tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹni tí ó bá yí ojú kúrò lónìí nítorí pé ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń nà, kí ó rántí pé ọ̀nà kan náà ni ọmọ tirẹ̀ yóò gbà kọjá lọ́la. Owó orí wa ni a fi ra aṣọ ọlọ́pàá, òun náà ni a fi ra ìbọn rẹ̀. Ẹni tí a fi owó wa gbà sí iṣẹ́, a ní ẹ̀tọ́ láti wo iṣẹ́ tí ó ń ṣe.